Wi-Fi ilé-ìwé àti orí tó ń fọ́ ọmọ ní Ọjọ́bọ̀: ìdáhùn sí ìyá kan ní Kétu

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà nìyí: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní sísíẹ̀mù, kíláàsì àkọ́kọ́, ní CEG (ilé-ìwé girama) kan níbí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ìsinmi dé, wọ́n ti gbé Wi-Fi wá sí ilé-ìwé wọn. Wọ́n kan àpótí funfun kan mọ́ ògiri yàrá kọ̀ǹpútà, ó ní ìwo méjì, iná aláwọ̀ ewé sì ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n bá ṣe kọ̀ǹpútà, orí fífọ́ ló máa ń gbé wálé, ìgbà mìíràn wà tí èébì ń gbé e. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ òbí sọ fún wa pé ìtànṣán Wi-Fi ń fa jẹjẹrẹ, pé kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin rí ọmọ bí tó bá dàgbà, àti pé àwọn Òyìnbó ti fòfin dè é ní ilé-ìwé tiwọn. A fẹ́ lọ bá dírẹ́tọ̀ pé kó yọ ọ́. Ṣé kí n yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀ ná ni? Ẹ dákun, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.»

Ìyá wa, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Fìsíìkì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹ́lẹ̀. Láti ogún ọdún ó lé, iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́. Àìmọye irú àpótí yẹn ni mo ti fọwọ́ ara mi kàn mọ́ ògiri ilé-ìwé, láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Inú iṣẹ́ yìí ni mo ti ń jẹun, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń kà mí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí ohun tó bá ṣeé rí, dípò kí ẹ kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Èmi kì í ṣe dókítà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti dókítà, màá sọ pé ó ti di tirẹ̀.

Orí tó ń fọ́ ọmọ ni n ó mú ṣáájú, torí òun ni kò ṣeé fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú. Ẹ ní àpótí yẹn ń tàn tọ̀sán-tòru. Ẹ tún ní Ọjọ́bọ̀ nìkan lorí ń fọ́ ọ, lọ́jọ́ kọ̀ǹpútà. Lójú tiyín, ẹ̀rí nìyẹn pé Wi-Fi ni. Ohun tí èmi bi ara mi ni pé, kí ló tún wà ní yàrá yẹn ní Ọjọ́bọ̀ tí kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn? Bí iná bá lọ, kí ni wọ́n fi ń tan àwọn kọ̀ǹpútà náà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi béèrè. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-ìwé kan lápá Pọbẹ̀ pè mí pé kí n wá tú ohun tí mo dè. Àwọn òbí ti fárígá. Ọmọ mẹ́rin ló bì lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n ní áńtẹ́nà mi ni. Mo débẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, iná ti lọ. Gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá wọn, ń dún lẹ́yìn ilé. Wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ irin fèrèsé kí olè má baà gbé e lọ, ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé náà gan-an. Ògiri abẹ́ fèrèsé ti ṣú. Mo fi ìka kàn án, ìka mi dúdú bí ẹni fọwọ́ kan ìdí ìkòkò. Nínú yàrá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa nítorí eruku ọyẹ́, ọmọ mẹ́rìndínlógójì fún mọ́ra wọn nídìí ẹ̀rọ méjìlá. Kò tó wákàtí kan tí mo jókòó sáàárín wọn tí ìpàkọ́ èmi náà fi ń lù kì-kì-kì.

Èéfín ẹ́ńjìnnì ní gáàsì kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní monoxyde de carbone. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta imú. Òórùn èéfín tí à ń gbọ́ kì í ṣe tirẹ̀; òun a máa wà níbẹ̀ kódà nígbà tí a ò gbóòórùn kankan mọ́. Bí ó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó máa ń gba àyè tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ fi gbé atẹ́gùn tó mú wa wà láàyè, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ jù ú lọ ní ohun tó ju ìlọ́po 200. Orí á kọ́kọ́ fọ́ èèyàn, òòyì á kọ́ ọ, inú á máa rú u bíi kó bì. Tó bá pọ̀, ó ń pa èèyàn. Tí wọ́n bá jáde síta, tí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ á fi délé pẹ̀lú orí fífọ́, tí ìyá á fún un ní párá, tó bá sì di ọjọ́ kejì kò ní ṣe é mọ́. Ibà la máa ń rò pé ó jẹ́. Ní ilé-ìwé tí mo wí yìí, wọ́n gbé gúrúpù lọ sí abẹ́ máńgòrò, ọgbọ̀n mítà sí yàrá, wọ́n ra wáyà gígùn. Áńtẹ́nà mi ṣì wà lójú kan náà títí dòní, ẹnikẹ́ni ò sì pè mí mọ́ nítorí èébì.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí ní ilé-ìwé tiyín. Mi ò tíì débẹ̀. Ó lè jẹ́ ojú ọmọ ni kò ríran dáadáa, tó ń fún un pọ̀ kó lè rí ohun tó wà lórí ẹ̀rọ tàbí lójú pátákó. Ọmọ tèmi náà nìyẹn, kíláàsì sẹ́ńkíẹ̀mù la tó mọ̀, ọjọ́ tó gba gíláàsì ló tó mọ̀ pé ewé orí igi ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ooru páànù tí kò ní àjà lábẹ́, pẹ̀lú ọmọ tí kò mu omi láti àárọ̀. Ó lè jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ ni kì í jẹun kúrò nílé torí pé wọ́n tètè wọlé lọ́jọ́ náà. Ọmọ sísíẹ̀mù náà tún ń bàlágà lọ, àwọn ìyá mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀ràn dókítà ló kù níbẹ̀. Bí orí fífọ́ náà bá ń jí i lójú oorun, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, tàbí bí ibà bá bá a rìn, ẹ má wulẹ̀ dúró de Ọjọ́bọ̀ kankan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó wá ku Wi-Fi fúnra rẹ̀. Ìgbì tó ń ti inú àpótí yẹn jáde, ẹ̀yà kan náà ni pẹ̀lú ìgbì tó ń gbé ìròyìn wá sínú rédíò tí àwọn bàbá wa ń gbé sétí láti kékeré wa. Bó ṣe yára gbọ̀n sí ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ ni «ìtànṣán». Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ á lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn, tàbí bọ́ǹbù Hiroshima. Ìtànṣán ti ẹ̀rọ egungun lágbára tó fi lè já ohun tó so ara wa pọ̀ láti inú wá, ìyẹn sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ. Ti Wi-Fi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà, bí a bá mú wóró kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lọ, nínú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tó ń tàn nínú ilé yín, tí a mú wóró kan ìgbì Wi-Fi, agbára ti ìmọ́lẹ̀ ju ti Wi-Fi lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 50,000. Ohun kan ṣoṣo tó dájú pé irú ìgbì yìí lè ṣe sí ara ni kó mú un gbóná, tó bá pọ̀ tó. Ẹ̀rọ mikiro-óòfù tí àwọn olówó fi ń gbé oúnjẹ kaná ń lo ìgbì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti Wi-Fi, ṣùgbọ́n wáàtì 800 tàbí 1,000 ló ń tì mọ́ inú páálí irin kan, tòun toúnjẹ. Ti àpótí Wi-Fi kì í sábà kọjá 0.1 wáàtì, ó sì ń fọ́n ọn ká síbi gbogbo.

Bó ṣe ń fọ́n ọn ká yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ohun tó ń kàn yín á di ìdá mẹ́rin. Ní ìlọ́po mẹ́wàá, á di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè wò ó fúnra yín. Lórí fóònù Android, àwọn ohun èlò ọ̀fẹ́ wà tó ń fi bí Wi-Fi ṣe lágbára tó hàn, irú bíi WiFi Analyzer. Nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni ẹ ó rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó lè jẹ́ -30. Lórí bẹ́ǹṣì ọmọ tó wà ní mítà mẹ́fà, á ti lọ sí nǹkan bíi -50. Lábẹ́ igi níta, á tó -70. Ìṣirò rẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà yẹn bá fi 10 wálẹ̀, agbára ti di ìdá mẹ́wàá. Láti -30 sí -50 jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún. Láti -30 sí -70, ìdá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Mo ti gbé fóònù báyìí fún àwọn òbí nínú ìpàdé, kí wọ́n máa rìn káàkiri fúnra wọn, ó sì máa ń yé wọn ju gbogbo àlàyé ẹnu mi lọ. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìgbì ti ń kan ọmọ yín jù, fóònù tó ń gbé sétí ni. Ó lẹ̀ mọ́ orí, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá sì wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lágbára, bíi lóko lẹ́yìn Kétu, fóònù á máa fi gbogbo agbára pariwo kí òpó tó jìnnà lè gbọ́ ọ.

Bàbá tó sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kò purọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ní oṣù karùn-ún 2011, àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó wà ní ìlú Lyon ní Faransé, kó ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní 2B. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò fa á, ẹ̀rí tí wọ́n sì ní kò tó láti sọ pé ó ń fa á. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé fóònù sétí fún ọ̀pọ̀ wákàtí ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti Wi-Fi ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àjọ kan náà sọ nípa àwọn nǹkan mìíràn tó wà nílé wa. Èéfín igi ìdáná nínú ilé ìdáná wà ní 2A, tó ga ju ti Wi-Fi lọ. Ọtí, títí kan sódàbì, wà ní ìsọ̀rí kìíní, níbi tí kò ti sí iyèméjì mọ́. Lẹ́yìn náà, ní 2024, àwọn olùwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀ níṣẹ́ kó ìwádìí 63 jọ, wọn ò sì rí i pé jẹjẹrẹ ọpọlọ pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo fóònù, kódà àwọn tó ti lò ó fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti àìrọ́mọbí náà ní ibi tó ti wá. Ní 2012, àwọn olùwádìí kan ní Ajẹntínà gbé àtọ̀ sínú ike, wọ́n fi sábẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lórí Wi-Fi fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n sì rí i pé àtọ̀ náà kò rìn dáadáa mọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àtọ̀ ọkùnrin ni, ìta ara ló wà, abẹ́ ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n gbé e sí. Ẹ ò lè ti ibẹ̀ dé orí ọmọbìnrin tó jókòó sí mítà mẹ́fà sí àpótí ara ògiri. Ohun tí èmi mú níbẹ̀ ni pé mo kọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin mi láti máa gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Òfin Òyìnbó tí wọ́n ń sọ, ti Faransé ni, ti ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2015. Ó ní kí Wi-Fi má sí ní yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò fòfin dè é o: ó ní kí wọ́n máa pa á nígbà tí àwọn ọmọ kò bá fi kẹ́kọ̀ọ́. Kò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí ọmọ yín wà. Wọn kò ṣe é torí pé ọmọ kankan kú. Wọ́n ní ọmọdé ni wọ́n, kí ohun tí kò pọn dandan má ṣe kàn wọ́n. Mo fara mọ́ òye yẹn. Ara ọmọ ṣì ń dàgbà, ọdún tí yóò sì lò pẹ̀lú nǹkan wọ̀nyí pọ̀ ju tiwa lọ. Kò sí onímọ̀ tó lè búra fún yín pé ewu rẹ̀ jẹ́ òdo láéláé. Ṣùgbọ́n láàárín «mi ò lè búra» àti «ó ń pa wọ́n», ọ̀nà jìn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí dírẹ́tọ̀ yọ ọ́ pátápátá, kí lẹ ó rí? Ó ṣeé ṣe láti fi wáyà so gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ dípò Wi-Fi. Ó dára, ó tún yára jù ú lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún yàrá tí kọ̀ǹpútà kì í ṣí kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n owó wáyà àti owó iṣẹ́ ń bẹ, eku ń jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ sì ń já a bí wọn ò bá fi páìpù bò ó mọ́lẹ̀. Bí kò bá sówó fún ìyẹn, àwọn ọmọ á padà sí orí fóònù òbí, èyí tó sún mọ́ ara wọn jù, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè ṣọ́. Yíyọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, mi ò gbà yín níyànjú rẹ̀. Ohun tí èmi ìbá béèrè ni pé kí wọ́n gbé àpótí náà sókè, lókè orí àwọn ọmọ, kó má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì kankan, kí wọ́n sì máa pa á bí ẹ̀kọ́ bá ti parí.

Pípa tí mo sọ yìí, ìdí mìíràn wà fún un tí kò sí nínú lẹ́tà yín, òun ló sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ẹ ní iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú tọ̀sán-tòru. Ta ló ń lò ó lóru? Ilé-ìwé tí Wi-Fi rẹ̀ kì í sùn, mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: láago mẹ́wàá alẹ́, àwọn ọmọkùnrin tò lẹ́bàá ògiri, ìmọ́lẹ̀ fóònù lójú wọn, torí pé wọ́n kọ pásíwọ́ọ̀dù sójú pátákó lọ́jọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó yí i padà láti ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń wo ohun tí ojú rẹ̀ ò tó wò. Ibẹ̀ náà ni àwọn gayman, àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ jìbìtì, ìyẹn tí wọn ò bá tíì fi fọ́tò ọmọbìnrin kan dẹ́rù bà á láti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu lẹ mọ ìdí tí àwọn baba yín fi kọ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú yín: kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni má wọ̀lú, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ni. Ilé-ìwé lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìná owó. Kí wọ́n wọ inú ètò àpótí náà, kí wọ́n fi DNS (ohun tó ń bá ẹ̀rọ wá àdírẹ́ẹ̀sì ojúlé) 1.1.1.3 ti ilé-iṣẹ́ Cloudflare síbẹ̀; ọ̀fẹ́ ni, ó ń dí ọ̀nà àwọn ojúlé ìhòòhò àti ti ọlọ́ṣà. Kì í dí gbogbo rẹ̀, ọmọ tó gbọ́n á wá ọ̀nà gbà yí i po, nítorí náà olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, kí ojú gbogbo ẹ̀rọ sì kọjú síbi tó ti lè rí wọn. Kí pásíwọ́ọ̀dù àwọn ọmọ yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì tí wọ́n kó máàkì àti orúkọ wọn sí. Kí wọ́n máa yí i padà ní sáà kọ̀ọ̀kan. Èmi máa ń ṣe èyí fún ilé-ìwé ní ìdajì ọjọ́; ẹni tó bá kan àpótí yẹn fún wọn lè ṣe é pẹ̀lú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá àyè, kí ẹ dé ilé-ìwé náà lásìkò tí ọmọ yín wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ má lọ bí ẹni tó ń wá ìjà. Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn ilé po: ṣé gúrúpù ń ṣiṣẹ́, ibo ni páìpù rẹ̀ kọjú sí, ṣé ògiri dúdú? Ẹ wọlé, ẹ wò ó bóyá fèrèsé ṣí, bóyá àwọn ọmọ ń làágùn, bí ojú ọmọ yín ṣe sún mọ́ ẹ̀rọ tó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú aago tí ẹ débẹ̀, kí ẹ sì bi ọmọ pé ṣé orí ti ń fọ́ ọ kó tó kúrò níbẹ̀ tàbí ojú ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn ni ẹ ó gbé lọ bá dírẹ́tọ̀ àti dókítà, á sì wúlò fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí gúrúpù lábẹ́ fèrèsé, ẹ má dúró de ìpàdé ẹgbẹ́ òbí. Ẹ ní kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì kó àwọn ọmọ jáde síta.